Ìjókòó Kan ní Kíláàsì Àárọ̀

Òjò ló tan Sàfíátù jẹ. Ó ti dìde kírun àsùbá, ó ti ka tẹ́súbáà rẹ̀ dé ìdí, ó wá ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí fèrè tó dún. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí páànù, ojú ọ̀run ṣú bíi pé ilẹ̀ ò fẹ́ mọ́ mọ́, atẹ́gùn tútù sì ń gba ojú wíńdò wọlé. Ta ni oorun ò níí gbé lọ? Fèrè ilé-iṣẹ́ kan lápá Àpápá ni gbogbo Ajégúnlẹ̀ fi ń ṣe aago. Á ké ní aago mẹ́fà, á tún ké ní aago méje, ọ̀lẹ tó sùn jù láàárín wọn á sì yí padà lórí ẹní. Nínú ilé Bàbá Onoriode, níbi tí yàrá méjìlá ti kọjú síra wọn, ẹnì kankan ò ní aago tó ń ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Fèrè kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó jí Sàfíátù ní ọjọ́ Ajé yẹn kì í ṣe fèrè. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, èyí tó máa ń polówó kọjá lẹ́yìn aago méje. Sàfíátù gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú oorun, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ohùn ọmọ náà dùn, kó tó rántí aago tí ọmọ náà máa ń kọjá. Ó fò dìde.

"Bàbá Kazeem, ẹ dìde. Fèrè ò dún."

Sàlàkọ́ ọkọ rẹ̀, tó ń ru ẹrù ní wáàfù, kọjú sí ògiri. "Kò lè dún," ó ní. "A ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwa àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó yí wa ká. Àná la fẹnu kò sí i."

"Ẹ mọ̀ láti àná?"

"Mo mọ̀ pé a ò níí lọ síṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé fèrè náà máa bá wa dá a sílẹ̀."

Ní ọjọ́ mìíràn, Sàfíátù ì bá rẹ́rìn-ín títí ìhà yóò fi máa dùn ún. Ní ọjọ́ yìí, ó kàn wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹja tó ti bàjẹ́, ó sì yíjú sí ẹní àwọn ọmọ. Kazeem, ọmọ ọdún méjìlá, wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí Tinú àbúrò rẹ̀ máa ń sùn sí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ ṣòro láti fara dà. Ilé-ìwé àdúgbò wọn kò ní yàrá tó, ni wọ́n bá pín àwọn ọmọ sí méjì bí ẹni pín ẹran iléyá: àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn yòókù ń wọlé ní aago kan ọ̀sán. Kazeem bọ́ sí ti àárọ̀. Tinú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bọ́ sí ti ọ̀sán. Ìjọba ní kí gbogbo ọmọ kàwé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa wà láti aago méje títí di aago kan, nígbà tí bàbá wà ní wáàfù, tí ìyá ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ lójú Wharf Road? Wọn ò sọ ìyẹn. Ó dájú pé ẹni tó jókòó ṣe ètò náà kò bímọ kankan sí Ajégúnlẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ènìyàn bá Tinú ní Liverpool Road lábẹ́ tírélà, ó ń ṣa ẹ̀pà tó jò sílẹ̀ láti inú àpò. Dírẹ́bà ti jókòó, ó ti ṣíná ọkọ̀ náà. Obìnrin ọlọ́sàn kan ló fà á ní ẹsẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà ni Sàfíátù ò ti lè gbọ́ ohùn tírélà kí àyà rẹ̀ má já.

Ó sì ṣe ohun tó lè ṣe. Ó gba páálí mílíìkì lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ, Kazeem ń kọ, wọ́n sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àsùbá, ìrun. Fèrè kìíní: Kazeem pọn omi, Tinú gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tinú kan ilẹ̀kùn Adaeze. Lẹ́yìn náà, ìwẹ̀, ẹ̀kọ, yúnífọ́ọ̀mù. Ó ka gbogbo ọjọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé oorun, ohun tí ọmọ máa ṣe, ibi tí ọmọ máa wà àti ẹni tí ojú rẹ̀ máa wà lára rẹ̀. Àwọn ará ilé fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ilé ti di bárékè, wọ́n sọ ọ́ ní Sájẹ́ńtì. Síbẹ̀, Bàbá Onoriode onílé fúnra rẹ̀ kì í ki pákò bọ ẹnu bí kò bá tíì gbọ́ ìgbálẹ̀ Tinú.

Adaeze ni ọmọ Eucharia, obìnrin aránṣọ tó wà ní yàrá òdìkejì. Ọ̀sán ni tirẹ̀ náà ń lọ. Nítorí pé Eucharia máa ń pẹ́ nídìí máṣíìnì, tí oorun rẹ̀ sì wúwo, Sàfíátù ló ní kí Tinú máa jí Adaeze kí àwọn méjèèjì jọ máa gbálẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì kì í ya iyọ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn méjèèjì, èdè tí oníkálukú fi ń sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ Ẹtì tí ìjókòó kan ṣí sílẹ̀ ní kíláàsì àárọ̀, nítorí òbí ọmọ kan kó lọ sí Ìbàdàn. Ìjókòó kan ṣoṣo. Àwọn ìyá méjèèjì sáré lọ bá Ọ̀gá Dickson, olórí ilé-ìwé. Ọkùnrin náà kì í gba ẹ̀bùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yàn láàárín ọmọ méjì. Ó ní kí àwọn ọmọ náà wá ní ọjọ́ Ajé, èyí tó bá kọ́kọ́ jókòó kí òun tó pe orúkọ ní aago méje ààbọ̀ ló ni ín. Láti ìgbà náà, imú ni Sàfíátù àti Eucharia fi ń kí ara wọn.

Sàfíátù tún ṣe ohun kan tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó pe Tinú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ́la, má kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Tìẹ nìkan ni kí o gbọ́." Ọmọ náà wo páálí, ó wo ìyá rẹ̀. Sàfíátù sọ fún ara rẹ̀ pé bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń pa òwe yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí inú ẹ̀ mọ́ ló sábà máa ń pa á.

Ó wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Wọ́n ti gbá ibẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù Tinú kò sí lára ìṣó, ẹ̀kọ kan sì ti dín nínú igbá. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Bóyá ọmọ náà ti dé ilé-ìwé. Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀kùn òdìkejì fi ṣí gbàgà, tí Eucharia jáde pẹ̀lú ìró láyà àti òṣùwọ̀n aṣọ lọ́rùn.

"Ìyá Kazeem, níbo lo gbé ọmọ mi lọ?"

"Èmi? Ṣé èmi ni mo bá ọ bí i ni?"

"Adaeze ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tó jẹ́ pé omi ni mo fi ń jí i. O ti rán an níṣẹ́ lọ síbi tó jìnnà, kí tìẹ lè jókòó."

"Tèmi náà ò sí nílé. Ìwọ lo tan tèmi lọ, kí o fi dí i lọ́wọ́." Sàfíátù mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ohun tó ń fi pa mọ́ kì í jẹ́ kí ìjà bọ́ sílẹ̀.

"Abeg, má bú mi láàárọ̀ yìí o. Mo ní èmi ò fẹ́ wàhálà."

"Ta ló ń bú ọ? Ẹni tí kò lè jí ara rẹ̀, ṣé ó lè mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà?"

Àwọn ayálégbé ti ń yọrí. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì pé ìjókòó yẹn á di ìjà. Ìyàwó alápatà ní ẹ̀bi fèrè ni, pé òun náà sùn gbàgbé, ẹ̀bi sì wà lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn gbójú lé fèrè wọn kí wọ́n tó sùn. Sàlàkọ́ gbọ́ ìyẹn láti inú yàrá, ó ní bí ìyàwó alápatà bá fẹ́, kó wá máa ru àpò sìmẹ́ńtì dípò òun, kí fèrè lè máa dún. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi àwọn ìyá méjèèjì.

Bàbá Onoriode jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di pákò mú, kò tíì ki í bọnu. "Una pikin no dey house," ó ní jẹ́ẹ́, "una dey fight for corridor."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ayálégbé kan tó ń jẹ́ Monday wọlé, gbogbo ara rẹ̀ tutù. Mótò-bọ́ì tó ń tẹ̀lé tírélà ni Monday, yàrá tó gbẹ̀yìn ló ń gbé. Ó ṣí fìlà, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní wọ́n ti ti géètì wáàfù pa, pé gbogbo tírélà ló tò sí Liverpool Road láti òru, tí àpò àgbàdo ń ya nínú òjò.

"Àwọn ọmọdé wà lábẹ́ ọkọ̀ bí èèrà," ó ní. "Wọ́n ń ṣa á sínú agolo."

Ìjà kú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Eucharia di ọwọ́ Sàfíátù mú láìmọ̀. Sàlàkọ́ jáde nínú yàrá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì sódì, ó ti gbọn Kazeem jí. "Èmi àti Kazeem á gba Liverpool Road," ó ní. "Ẹ̀yin, ẹ lọ wo ilé-ìwé." Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan ní ẹnu rẹ̀ mọ́.

Àwọn obìnrin méjèèjì sáré. Òjò ń lù wọ́n, ẹrẹ̀ ń gbá wọn ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló pẹ́ ní ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló ń sáré, tí oníkálukú sì ń bú fèrè. Akọ̀wé kan kọjá, bọ́tìnnì rẹ̀ ò bára mu, ó ń jẹ ẹ̀bà àná nínú àwo bó ṣe ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ńlá, Eucharia yọ̀, Sàfíátù sì gbá a mú ní ìbàdí kó tó ṣubú. Wọ́n dúró mí díẹ̀.

"Bí wọn ò bá sí ní ilé-ìwé ńkọ́?" Eucharia bèèrè.

"Wọ́n á wà níbẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Kò dá a lójú. Abẹ́ tírélà ni Sàfíátù ń rí, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kan sì ń yọ níbẹ̀. Bí Adaeze bá lọ ṣa àgbàdo nítorí pé kò sí ẹni tó jí i kó wá gbálẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ta ni? Ojú tì í débi pé bí òjò ò bá ti wà, Eucharia ì bá rí omi tó ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n tún sáré.

Kíláàsì náà dá páropáro. Nínú ọgọ́ta ọmọ, mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá Dickson dúró ní iwájú pẹ̀lú ìwé orúkọ lábẹ́ apá, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin dé orúnkún. Lórí bẹ́ǹṣì kejì, ní ìdí wíńdò, àyè kan ṣoṣo tí ọmọ tó kó lọ sí Ìbàdàn fi sílẹ̀ náà ni Tinú àti Adaeze jókòó lé. Ìdajì ìdí Tinú wà lórí bẹ́ǹṣì, ìdajì ìdí Adaeze wà lórí bẹ́ǹṣì, ìdajì yòókù ń fò lófuurufú. Wọ́n ká ọwọ́ sí àyà bí àwọn alàgbà.

Eucharia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sàfíátù ní, "Alihamudulilai."

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ìyá," Ọ̀gá Dickson wí. "Nígbà tí èmi fúnra mi dé, tí mo pẹ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí, àwọn méjì yìí ti wà níbí. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n ní àwọn jọ jókòó ni."

"Tinú," Sàfíátù wí, "kí ló dé tí o ò jí mi?"

"Jíjí yín ò sí nínú páálí," Tinú dáhùn. "Mo jí nígbà tí mo máa ń jí. Mo gbálẹ̀, ẹ ò dìde. Bàbá sọ fún mi lánàá pé àwọn ò níí ṣiṣẹ́. Mo rò pé ẹ̀yin náà ò ṣiṣẹ́ ni."

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Dickson wú ikọ́.

"Ta ló wá jí Adaeze?" Eucharia bèèrè láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni, mà. Jíjí Adaeze wà nínú páálí." Tinú yíjú sí ìyá rẹ̀, kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. "Ẹ ní kí n má jí i lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kí Búọ̀dá Kazeem pa á rẹ́ lára páálí."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Sàfíátù wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí ẹrẹ̀ tó wà láàárín wọn, ó ka àwọn ìka náà, ó tún wọn kà. Kò sí ibi tó lè sá gbà. Eucharia ń wò ó.

Adaeze ló sọ̀rọ̀. Ó ṣe é bí ẹni tó fẹ́ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Kò pẹ́ kí n tó múra, sà. Màmá mi ti ní kí n wọ yúnífọ́ọ̀mù sùn. Wọ́n ní a máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí Tinú tó jí, kí ìyá rẹ̀ má bàa rí wa."

Eucharia fi ìró bo ojú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Sàfíátù kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, ó tẹ̀ síwájú láti tù ú nínú, ó sì rí i pé ẹ̀rín ni. Òun náà bá bú sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Sàfíátù fi ní láti fi ara ti ògiri.

"Oorun lo fi pàdánù ogun," ó sọ fún Eucharia.

"Ìwọ náà ńkọ́, Sájẹ́ńtì? Àbí ìwọ ò sùn?"

"Mo sùn. Dárí jì mí, jọ̀wọ́."

"A ti jọ jẹ̀bi. Gbé mi dìde."

Ọ̀gá Dickson dúró tì wọ́n, ìwé orúkọ lọ́wọ́. "Ìjókòó kan ni," ó ní, ó fẹ́ dàbí ẹni tó le. "Ọmọ ọgọ́ta ni wọ́n ní kí n kọ. Bẹ́ǹṣì yẹn, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún. Mẹ́rin ló ń jókòó lórí rẹ̀." Ó wo àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Ó wo ìdí tó wà lórí bẹ́ǹṣì àti èyí tí kò sí níbẹ̀. Ó kọ orúkọ kan, ó tẹ gègé bọ inú tàdáwà, ó tún kọ èkejì. "Ìjọba á bi mí léèrè," ó ní. "Èmi náà á bi wọ́n léèrè yàrá."

Sàlàkọ́ àti Kazeem dé bá wọn ní ìta. Wọ́n ti lé àwọn ọmọ tó wà ní Liverpool Road kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ohùn Sàlàkọ́ sì ti há. Nígbà tó gbọ́ pé Tinú wà lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tún un wọ̀ dáadáa, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun jẹ́ bàbá. Kazeem yọ́ wọ kíláàsì tirẹ̀.

Wọ́n ti fẹ́ máa lọ kí Sàfíátù tó rí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Wọ́n tó mẹ́jọ, gbogbo wọn wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè kí òjò má bàa ta sí wọn lára. Ó lọ bá èyí tó kéré jù.

"Ta lò ń dúró dè?"

"Aago kan," ọmọ náà dáhùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù. Ìyá ọmọ náà ti já a síbẹ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, kò sì sí ibòmíràn tó mọ̀. Sàfíátù wo Eucharia. Eucharia wo òjò, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní aṣọ méjì tí mo gbọ́dọ̀ rán tán lónìí."

"Ẹ̀wà wà nílé, odidi ìkòkò, kò sí dírẹ́bà kan tó máa rà á."

"Ọjọ́ mélòó lo fẹ́ fi ṣe é? Lónìí nìkan?"

Sàfíátù lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé tó ń gbé fún un, ó ní kó sọ fún ìyá tó bá béèrè pé àwọn ọmọ náà á padà kí aago kan tó lù. Lẹ́yìn náà ó tò wọ́n ní méjì méjì. Sàlàkọ́, tó ti búra pé òun ò níí ru ẹrù kankan lónìí, gbé èyí tó kéré jù sí èjìká.

"Ó dáa," Sàfíátù wí. "Ta ló mọ ilẹ̀ gbá nínú yín?"

Gbogbo wọn nawọ́ sókè, títí kan èyí tó wà lórí èjìká, tó dájú pé irọ́ ló ń pa.